Búrọ́ọ̀ṣì Mọ Ẹ̀gbá Í Kọ

Ẹni tó bá gba Ìtòkú kọjá lọ sí Ṣàpọ́n ní Abẹ́òkúta, kó gbójú kúrò lára àdìrẹ tí wọ́n so kọ́, kó wo òkè ìsọ̀. Irú lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó ti di ọmọ onílé lára bánà àti pátákó. Ó sanra, ó fì sí ọ̀tún, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ di ara wọn mú, èyí tó gbẹ̀yìn á wá na ìrù gígùn kan padà sábẹ́ orúkọ náà. Aládìrẹ ń lò ó, oníkéèkì ń lò ó, ẹni tó ń ta sóbò inú ike ń lò ó, ṣọ́ọ̀bù ìrun ń lò ó, àwọn tó ń sìnkú àgbà náà sì ń fi kọ orúkọ olóògbé sára bánà. Bó ṣe ń ṣe bí ohun àtijọ́ yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn fẹ́. Ó ń rán wọn létí ìgò mínírà, páálí rẹ́kọ́ọ̀dù àti ara bọ́lẹ́kájà.

Lẹ́tà náà rẹwà, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní kó kọ Abeokuta, á kọ ọ́ wéré. Ní kó kọ Abẹ́òkúta, ó tán.

Kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n bí i sí. Àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó ìpolówó ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló ni ọwọ́ yìí. Ẹni tó ń fi ọ̀dà kọ̀wé sára ògiri tàbí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kì í fẹ́ máa gbọ́wọ́ sókè ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyẹn tó fi ń so lẹ́tà kan mọ́ èkejì. Bó bá tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ìlà á sanra. Bó bá rọra gbé e, ìlà á tín-ín-rín. Ní 1942, Robert E. Smith sọ ọwọ́ yẹn di lẹ́tà ìtẹ̀wé fún ilé-iṣẹ́ American Type Founders, wọ́n sì pè é ní Brush Script. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Lẹ́tà onírin kọ̀ọ̀kan ló dá dúró lórí ìdí tirẹ̀, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dà bíi pé ẹnìkan ló kọ gbogbo wọn láìmí. Ibi tí “a” bá parí sí gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ibi tí “b” ti bẹ̀rẹ̀, kó tún ṣe rẹ́gí pẹ̀lú lẹ́tà yòókù tí òǹtẹ̀wé bá fi tì í. Ní 1953, Roger Excoffon mú Mistral jáde ní ilẹ̀ Faransé, ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n kó Brush Script pọ̀ mọ́ Microsoft Office, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà gbogbo ní Nàìjíríà. Ta ni kò rí i rí lára káàdì ìgbéyàwó?

Èyí ti ń sú àwọn ènìyàn nígbà tí Pablo Impallari, ọmọ Ajẹntínà, gbé Lobster jáde ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni. Pacifico tí Vernon Adams ṣe tẹ̀lé e, ọ̀fẹ́ ni òun náà, Google Fonts sì ń pín àwọn méjèèjì fún ẹni tó bá fẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, Lobster kún ilé oúnjẹ àti ilé ọtí káàkiri ayé débi pé àwọn oníṣẹ́ lẹ́tà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Abẹ́òkúta, kò tíì sú ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun ará Ẹ̀gbá ju ará ibòmíràn lọ. Abẹ́òkúta ni míṣọ́nárì Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí ní 1854, tí àwọn ọmọ ìlú ti kọ́ṣẹ́ títo lẹ́tà onírin. Ibẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ti jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ọdún 1859, tó sì ń jáde títí di 1867 tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Samuel Ajayi Crowther, tó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, dé ìlú náà ní 1846, ó bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ èdè lọ. Bí ìlú tí ìwé Yorùbá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ bá wá ń fi lẹ́tà tí kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e polówó ọjà ara rẹ̀, ẹni tó gbé ẹ̀bá odò tó ń fi itọ́ bọ́jú ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ń fọwọ́ kọ ọ́ ṣe ń ṣe é. Átíìsì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, ìbáà jẹ́ pé àwòrán ni wọ́n ń yà tàbí pátákó ni wọ́n ń kọ. Bí ọ̀gá átíìsì bá gba iṣẹ́ pátákó, á kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun kun páànù náà, á jẹ́ kó gbẹ, á tún un kùn. Á wá mú okùn tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì pa, ọmọṣẹ́ á di etí kan mú, òun á fa etí kejì le dan-in, á ta á. Ìlà á hàn gbangba lórí páànù. Á ta òmíràn sísàlẹ̀. Láàárín ìlà méjèèjì ni á ti fi ṣọ́ọ̀kì ya lẹ́tà náà fẹ́ẹ́rẹ́, á máa fojú wọn àyè rẹ̀ bó ti ń lọ. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, “Enterprises” ni kò ní ráyè, á fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ etí pátákó. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n ní Lafẹ́nwá, ó sì ń pa èrò ọkọ̀ lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì á wọ inú ọ̀dà. Á fi etí agolo nù ún kó má baà kán sílẹ̀, á fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ró kó má gbọ̀n. Ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀, á tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń gòkè, á kàn fi orí búrọ́ọ̀ṣì rá a kọjá. Bí lẹ́tà bá jẹ́ pupa, òjìji rẹ̀ á jẹ́ dúdú, apá ibì kan náà ni òjìji gbogbo wọn á sì ṣubú sí.

Ìgbà tó bá kọ ọ̀rọ̀ tán ni á padà wá sórí àmì. Ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́jú ló ń gbà. Á fi orí búrọ́ọ̀ṣì kan ìsàlẹ̀ ẹ, ó di kíún. Bó bá fà á díẹ̀, ó di igi kékeré kan tó so mọ́ ìdí lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́. Àmì náà sanra bí lẹ́tà ti sanra, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló kọ méjèèjì.

Kì í ṣe pé gbogbo átíìsì ló ń fi àmì sí i o. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi sí i rárá, àmì ohùn ni wọ́n sì ń yẹ̀ sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi sí i, kò sí ohun tó dì í lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà.

Ibi tí ọgbọ́n wọn ti yọ jù ni ìrù tó ń gba abẹ́ orúkọ. Ọ̀nà kan náà ni ìrù yẹn àti àmì ìsàlẹ̀ jọ ń gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pàdé. Kọ Ṣódẹkẹ́, orúkọ akọni tó kó Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, kí o sì fa ìrù sí i nídìí: àmì mẹ́ta ló dúró dè é lọ́nà. Átíìsì tó gbọ́n á mú ìrù náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí kó gé e lábẹ́ Ṣ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí kó fi ọ̀dà àwọ̀ mìíràn fa ìrù kí àmì lè hàn lórí rẹ̀. Òyìnbó tó dá ìrù yìí sílẹ̀ kò ní ìṣòro bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà tirẹ̀. Àwọn átíìsì wa ló fi ọgbọ́n yìí kún un, kò sì sí nínú fọ́ńtì, ìyẹn lẹ́tà kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó ní ètò kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, Unicode, tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ètò náà fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Kò fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ wọ́n, á kọ ẹ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí, fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì á jókòó sí. Lára lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, àárín gbùngbùn ni. Lára lẹ́tà tó fì sí ọ̀tún, àmì náà gbọ́dọ̀ sún sí ọ̀tún bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dà bíi pé lẹ́tà ti sáré fi àmì sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ṣe fọ́ńtì ló ní láti jókòó, kó tọ́ka ibi ìjókòó náà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ńlá àti kékeré. Bí kò bá rántí pé èdè bíi Yorùbá wà, kò ní ṣe é.

Díẹ̀ tí a rí jẹ, àwọn ará Fiẹtinámù ló jẹ́ ká rí i. Lẹ́tà bíi tiwa ni wọ́n fi ń kọ èdè wọn, wọ́n sì ní ẹ àti ọ. Fọ́ńtì tí wọ́n bá ṣe kó lè kọ èdè wọn, lẹ́tà méjèèjì á wà níbẹ̀, Yorùbá á sì bá wọn jẹ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ àjẹmọ́ra ò tíì jẹ́ àjẹyó. Wọn kò ní ṣ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àmì ohùn ni kíún abẹ́ ẹ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, fáwẹ́lì kan kì í sì í gba ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà wọn kò ní ìdí kankan láti gbé àmì ohùn òkè lé ẹ tó ti ní kíún nísàlẹ̀. Àwa rèé, tí Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá, Ọ̀bàntókò àti Pańṣẹ́kẹ́ wa ń béèrè òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tó ń ṣe bánà. CorelDRAW ló ṣí, oníbàárà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ó tẹ Ẹ̀gbá. Lẹ́tà tó ṣẹ́kù sanra, wọ́n rẹwà. Ẹ̀ nìkan yí padà di òpẹ̀lẹ́ńgẹ́, torí pé kọ̀ǹpútà ti lọ yá a nínú fọ́ńtì mìíràn. Nígbà mìíràn, àpótí òfìfo ni á hàn. Ọmọkùnrin náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó pa àmì rẹ́, ó tẹ Egba, ó ya róbótó kékeré kan, ó wọ́ ọ lọ sábẹ́ E. Ó ti yanjú. Oníbàárà bá ní kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ náà tóbi sí i. Orúkọ tóbi, róbótó dúró síbi tó wà. Bó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún bánà tí èrè rẹ̀ kéré, á bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló gbé òun dé ìdí àmì. Bánà kejì tó bá ṣe, kò ní àmì kankan lára mọ́.

Àwọn kan á ní kò burú. Ta ní ń ka àmì lára bánà? Oníbàárà mọ ibi tó ń lọ, awakọ̀ mọ Pańṣẹ́kẹ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọ́ ní ìdorí kodò. Òótọ́ wà níbẹ̀. Pátákó ò sì gbọ́dọ̀ kún fún àmì débi tí ojú ò ní rí orúkọ mọ́. Lẹ́tà tó sanra ní àyè díẹ̀ lórí àti nídìí. Ẹni tó bá wo pátákó rẹ̀ tó sì pinnu pé àmì ìsàlẹ̀ nìkan tó, kó fi àmì ohùn sílẹ̀, ohun tó wù ú ló ṣe, wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ lójú ìwé ìròyìn. Èyí tí kò bójú mu ni pé kò sẹ́ni tó yàn án lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ṣe lẹ́tà ní Amẹ́ríkà ní 1942 ló yàn án fún aládìrẹ Ìtòkú, kò sì mọ̀ pé Ìtòkú wà láyé.

Ó ṣeé yí padà, àwọn kan sì ti ń yí i padà. Ṣèyí Olúṣànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Afrotype wo sítíkà tí wọ́n ń gé lẹ sára ọkọ̀ dáńfó l'Ékòó, wọ́n sọ ọ́ di fọ́ńtì, wọ́n pè é ní Danfo, ó sì wà lórí Google Fonts lónìí. Ìyẹn jẹ́ lẹ́tà gígé, abẹ ló bí i. Ohun tí wọ́n ṣe fún sítíkà, ó yẹ kí ẹnìkan ṣe é fún ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì àwọn átíìsì ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kó sanra, kó fì, kó nà, kí àmì sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya lẹ́tà àkọ́kọ́. Ní Íńdíà, Hanif Kureshi, tó kú ní 2024, bẹ̀rẹ̀ ètò HandpaintedType: ó ń bẹ àwọn tó ń kọ pátákó pé kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ gbogbo lẹ́tà sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ di fọ́ńtì, ó ń fi orúkọ átíìsì náà pè é, átíìsì sì ń jẹ nínú owó tó bá wọlé. Painter Kafeel jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní Buenos Aires, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń kun ara ọkọ̀ èrò, tí wọ́n ń pè ní fileteado, wọ inú ìwé àjogúnbá UNESCO ní 2015.

Àwa náà kì í ṣe aláìní. Nígbà tí Lemi Ghariokwu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe páálí rẹ́kọ́ọ̀dù fún Fẹlá, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Alagbon Close ní 1974, ọwọ́ tó ya àwòrán ló kọ orúkọ. Páálí 26 ló ṣe fún un, ẹni tó bá sì fẹ́ràn orin yẹn mọ lẹ́tà wọ̀nyẹn láì tíì gbọ́ ìlù. Ọlátúndé Báyọ̀ Lawuyi tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde ní 1988 lórí àwọn àkọlé ara táksí ilẹ̀ Yorùbá àti ohun tí wọ́n ń sọ nípa onímọ́tò. Ìrísí àwọn lẹ́tà náà yẹ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kí òjò àti oòrùn tó bó gbogbo wọn tán. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ, tó jẹ́ pé ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láti ya ìlà sára aṣọ. Ìlà tó sanra níbi tí wọ́n ti tẹ ọwọ́, tó tín-ín-rín níbi tí wọ́n ti gbé e, pọ̀ lára aṣọ wọn ju ara pátákó èyíkéyìí lọ.

Iṣẹ́ náà kò béèrè owó afárá. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ àgbà tó wà ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Kí wọ́n wá átíìsì àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìlú, kí wọ́n kó bébà ńlá, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì síwájú wọn, kí wọ́n sanwó iṣẹ́ fún wọn bí oníbàárà ṣe ń sanwó pátákó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orúkọ wọn á wà lára fọ́ńtì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà á gbé e wọlé. Ìjọba ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé pátákó ìpolówó sójú títì. Ìwọ̀nba kékeré nínú owó yẹn tó iṣẹ́ yìí, kí fọ́ńtì náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọkùnrin tó ń ṣe bánà.

Àwọn ohun kan wà tí wọ́n á ní láti pinnu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé kíún ni àmì ìsàlẹ̀ á jẹ́ ni, tàbí igi kékeré tó so mọ́ lẹ́tà? Igi ló bá ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì mu, torí pé kò béèrè pé kí ọwọ́ kúrò lára lẹ́tà kó tó tún padà, kì í sì í sọnù bí wọ́n bá tẹ bánà ní kékeré. Ìrù gbọ́dọ̀ wà ní oríṣi méjì ó kéré tán, ọ̀kan fún orúkọ tí kò ní àmì nídìí, ọ̀kan fún èyí tó ní, kí fọ́ńtì sì fúnra rẹ̀ mọ èyí tí yóò mú. Èyí tó le jù ni gb. Lẹ́tà kan ni lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n fọ́ńtì òyìnbó kà á sí méjì: ìrù g á já wálẹ̀, b á ta lọ sókè, àlàfo kan á sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn tó ń ba ìlà jẹ́. Ẹ̀gbá ní i, Gbágùúrá ní i, Gbádébọ̀ àti Adégbóyèga ní i. Àwọn átíìsì kan máa ń jẹ́ kí ìrù g yí padà gòkè di ẹ̀yìn b ní ìfà kan ṣoṣo, láìgbé búrọ́ọ̀ṣì. Ìfà yẹn gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn àgbà náà kọ sórí bébà.